Iyanrìn Ẹnu Ọ̀nà Wa àti Òkúta Inú Òṣùpá

Ẹ má bínú sí ọwọ́ ìkọ̀wé mi. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo kà tán. N kò pẹ́ ní girama kí wọ́n tó mú mi wá kọ́ṣẹ́ irun dídì ní Ìbàdàn, láti ìgbà náà ọwọ́ mi kò mọ bírò bí ó ti mọ òòyà. Nítorí náà, bí mo ṣe ń dirun ni mo fẹ́ kọ èyí: n óò pín in, n óò mú un láti iwájú lọ sẹ́yìn. Bí ó bá wọ́ níbì kan, ẹ bá mi fi ọwọ́ tẹ́ ẹ. Ẹ má tú u.

Ojú tún máa ń tì mí. Bí ẹnì kan bá kí mi lójijì, ìgbà tí ó bá ti kọjá lọ ni ìdáhùn mi máa ń jáde. Ọ̀gá mi máa ń sọ pé bí ilé bá ń jó, inú rẹ̀ ni iná yóò bá mi, níbi tí mo ti ń ronú bí mo ṣe lè pariwo tí kò ní dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n mo ní ibi tí mo ti ń sọ̀rọ̀. Ìka mi ni. Bí oníbàárà bá sọ ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn, irun orí rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ gbọ́. N óò fà á díẹ̀. Yóò ní, "Yéè!" Èmi yóò ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà." Ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ̀ pé mo ti dá sí i.

Ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi wà ní Agbowó, ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà kan tó ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wá láti òkè. Yàrá tí mo ń sùn wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, gbogbo àgbàrá òkè ló ń gba iwájú wa kọjá kó tó wọ gọ́tà. Bí ó bá sì lọ tán, iyanrìn ló máa ń fi sílẹ̀ fún wa, iyanrìn tó kúnná, tó mọ́, irú èyí tí àwọn bíríkìlà ń wá láti fi rẹ́ ògiri.

Kò sí ẹni tó ni iyanrìn yìí. Òjò ló gbé e wá, òjò kò sì padà wá béèrè rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ìyá kan wà ládùúgbò tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Oníyanrìn. Ìyá aládùúrà ni wọ́n. Lọ́jọ́ Ìsinmi, aṣọ funfun ni wọ́n ń wọ̀, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń rìn. Lọ́jọ́ òjò, wọn a ká aṣọ sókè, wọn a mú ìgbálẹ̀. Ìgbà tí òjò bá dá tán ni wọ́n máa ń jáde. Wọn a gbá iyanrìn náà jọ ní òkìtì-òkìtì, wọn a sì fi sílípáàsì ẹlẹ́sẹ̀ kan lé orí òkìtì kọ̀ọ̀kan. Ààlè wọn nìyẹn. Gbogbo ẹni tí ìyá tó bí i kọ́ dáadáa ló mọ̀ pé ohun tí a bá ti fi ààlè lé, ìbáà ṣe igi ìdáná lójú ọ̀nà oko, ìbáà ṣe pákó lẹ́bàá títì, ó ti bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan. Ẹni tó bá mú un ti di olè, bí kò tilẹ̀ sí ẹni tó rí i. Ibi tí wọ́n ti ń rí sílípáàsì ẹlẹ́sẹ̀ kan tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, n kò mọ̀. Gọ́tà ni mo fura sí.

Àwọn bíríkìlà ni wọ́n ń tà á fún, ṣùgbọ́n wọn kì í kó gbogbo rẹ̀. Èyí tó wà lábẹ́ àkàsọ̀ wa, wọn a fi í sílẹ̀ kí àgbàrá má baà jẹ ìdí ilé. Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá lẹ́bàá gọ́tà, wọn a fi í sílẹ̀ fún ẹni tí kò bá tètè jí. Lẹ́yìn náà wọn a wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù wa kí ẹ̀yìn wọn lè sinmi, wọn a sì máa bá gbogbo ènìyàn jà pẹ̀lú ẹ̀rín.

Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n máa ń bá jà ni oníbàárà wa kan, ọmọbìnrin tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin ní yunifásítì tó wà ní òdìkejì títì. Irun rẹ̀ pọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì pọ̀ ju irun lọ. Lọ́yà ni a ń pè é.

Lọ́jọ́ kan, ní àkókò òjò, ó wọlé, ó jókòó, ó ní, "Àǹtí, ẹ bá mi di irun tí yóò jẹ́ kí wọ́n gbà mí gbọ́."

"Kí wọ́n gba kí ni gbọ́?" ọ̀gá mi bi í.

"Pé kò sí ohun tó burú níbẹ̀ bí ènìyàn bá lọ wa kùsà lójú sánmà."

Ọ̀gá mi gbé òòyà dúró lókè. "Níbo?"

"Nínú òṣùpá, Àǹtí. Àti lára àwọn òkúta ńláńlá tó ń yí kiri lọ́hùn-ún. Wọ́n ní irin tó ṣọ̀wọ́n wà lára wọn, omi dídì sì wà nínú òṣùpá. Àwọn ilé iṣẹ́ kan nílùú òyìnbó ti ń múra ọkọ̀ tí yóò lọ bù ú wá. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ ṣe àríyànjiyàn lé e lórí, apá tó ní kí wọ́n máa bù ú lọ ni wọ́n pín mi sí."

Ìyá Oníyanrìn, tí wọ́n ń fi ìdí ìgbálẹ̀ họ ẹ̀yìn, ní, "Òṣùpá tí mo mọ̀ yìí náà?"

"Òun náà ni, Màmá."

"Èyí tí Ọlọ́run gbé kọ́ síbẹ̀ fún gbogbo ayé?"

"Òun náà, Màmá. Kò sì sí ẹni tó ń lò ó."

"Kò sí ẹni tó ń lò ó! Ta ní ń fi iná mọ̀nàmọ́ná ríran lálẹ́ ní Agbowó yìí? Òṣùpá ni àwa ń lò o!"

Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó. Wọ́n ní kí n máa bá irun náà lọ. Bí mo ṣe mú un ni òjò bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin kan sì sáré wọlé láti yà fún òjò. Ọkùnrin tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù tà ní òkè ọ̀nà wa ni. Lójú rẹ̀, "ẹ" ni mo ń pè é. Nínú ìwé yìí, "ó" ni n óò máa pè é, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́. Ó jókòó sí ìdí ilẹ̀kùn. Afẹ́fẹ́ gbé ìdì irun kékeré kan láti ilẹ̀, ó gbá a lọ sí ẹ̀bá bàtà rẹ̀. Ọkùnrin náà gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè bí ẹni tó rí ejò.

"Ẹ gbálẹ̀ o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbálẹ̀! Irun obìnrin kì í ṣe ohun tí ọkùnrin ń fẹsẹ̀ kàn."

A fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́. Àwọn oníbàárà wa pàápàá, bí wọ́n bá tú irun tán, wọn a ṣa gbogbo èyí tó já sínú ọ̀rá, wọn a gbé e lọ sílé, nítorí ta ló mọ ohun tí ayé lè fi ṣe? Mo gbá irun náà lọ kúrò níbẹ̀. Mo padà sídìí orí Lọ́yà. Mo rò pé n óò gbàgbé ẹsẹ̀ méjèèjì yẹn lókè, ṣùgbọ́n n kò gbàgbé.

"Ẹ gbọ́ mi ná," ni Lọ́yà wí. "Àdéhùn ti wà láàárín àwọn orílẹ̀-èdè pé kò sí èyí tó lè sọ pé òun ló ni òṣùpá. Ó dáa. Ṣùgbọ́n èyí tí mo bá fi ọwọ́ ara mi bù níbẹ̀ ńkọ́? Ẹ wo àwọn apẹja ní Ẹlẹ́yẹlé. Apẹja kankan kò lè ní òun ló ni omi. Ṣùgbọ́n ẹja tó bá ti wọ àwọ̀n rẹ̀, tirẹ̀ ni."

"Ẹja a máa bímọ," ọ̀gá mi wí. "Ṣé òkúta ń bímọ?"

"Àǹtí, òkúta ibẹ̀ pọ̀ ju kó tán lọ."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sọ nípa igi oko wa nílé."

Lọ́yà kò jẹ́ kí ó tán síbẹ̀. Ó mọ ọ̀rọ̀ sọ, n kò lè parọ́ mọ́ ọn. Ó ní, "Ẹ rò ó. Níbi gbogbo tí wọ́n ti ń wa kùsà lórí ilẹ̀ ayé yìí, wọ́n ń lé àgbẹ̀ kúrò lóko, wọ́n ń ba odò jẹ́, àwọn ọmọdé ń wọ inú ihò. Òṣùpá kò ní àgbẹ̀, kò ní odò tó ń ṣàn, kò sí ọmọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Bí a bá lè rí irin mú wá láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní sunkún, kí ló dé tí a kò ní lọ? Ojú ọ̀run mà tó ẹyẹ ẹ́ fò láìfara kanra."

"Ẹyẹ ń fò níbẹ̀," ni Ìyá Oníyanrìn dáhùn. "Èwo nínú wọn ló bu ojú ọ̀run sápò?"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, Lọ́yà náà rẹ́rìn-ín. Ìyá Oníyanrìn rí i pé ọjà àwọn tà, wọ́n bá fi kún un. Wọ́n ní bí àwọn òyìnbó bá ń bu òṣùpá ṣáá, yóò fúyẹ́, atẹ́gùn yóò sì gbé e lọ bí fìlà. Lọ́yà ní kò sí atẹ́gùn níbẹ̀. Ìyá ní bí kò bá sí atẹ́gùn, kí ni àwọn tó fẹ́ lọ bù ú yóò máa mí? Lọ́yà ní wọ́n á gbé e dání láti ilé. "Wọ́n á gbé atẹ́gùn dání láti ilé," Ìyá tún un sọ, wọ́n sì wo ọ̀gá mi bí ẹni tó ń sọ pé ẹ̀yin náà gbọ́ o. Ọ̀gá mi ní nígbà tí àwọn wà léwe, wọ́n máa ń fi ẹnì kan han àwọn nínú òṣùpá tó ń lagi. "Òun ńkọ́? Ṣé wọ́n ti gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀?"

Ìbéèrè kan wà ní ọ̀fun tèmi náà. Mo fẹ́ bi í pé: àwa tí a kò tíì ní ọkọ̀, bí àwa náà bá ní in lọ́jọ́ kan, kí ni a óò bá níbẹ̀? Ó dé orí ahọ́n mi, ó tún padà. Mo fa irun.

"Yéè!"

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà."

Láti ìdí ilẹ̀kùn, ọkùnrin oníbúlọ́ọ̀kù ní, "Lọ́yà, ẹ bá mi tún ìyẹn sọ. Ti ẹja yẹn."

"Mo ní, ohun tí kò sí ẹni tó ni ín, ẹni tó bá fi agbára rẹ̀ bù ú ló ni èyí tó bù."

"Òfin nìyẹn?"

"Àwọn orílẹ̀-èdè kan ti fi ṣe òfin."

Ọkùnrin náà mi orí díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pín ogún fún. Òjò dá, ó dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Lọ́yà, ó sì rọra gba ibi tí kò sí irun kọjá.

Òjò tó tẹ̀ lé e rọ̀ ní ọ̀sán. Kò tíì dá, ó ṣì ń kán, Ìyá Oníyanrìn ṣì dúró lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa pẹ̀lú ìgbálẹ̀, nígbà tí a gbọ́ ìró bárò. Oníbúlọ́ọ̀kù ló ń bọ̀ pẹ̀lú àwọn lébìrà rẹ̀. Ṣọ́bìrì ni wọ́n mú dání. Wọn kò kí ẹnikẹ́ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bu iyanrìn náà ní tútù.

"Ọ̀gá, kí lẹ ń ṣe?" Ìyá pariwo.

"Mò ń wa kùsà, Ìyá."

"Iyanrìn mi nìyẹn!"

"Ààlè yín dà? N ò rí sílípáàsì kankan."

"Òjò ò tíì dá! Ta ní ń fi sílípáàsì lé omi?"

"Ẹ̀n-hẹ́n. Kò tíì bọ́ sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nìyẹn. Ẹjọ́ yìí, Lọ́yà ti dá a nínú ṣọ́ọ̀bù yìí, ẹ̀yin náà jókòó síbẹ̀. Ohun tí kò sí ẹni tó ni ín, ẹni tó bá bù ú ló ni ín. Òun ni àwọn òyìnbó fi ń bu òṣùpá, èmi ni kò ní bu Agbowó?"

"Òṣùpá ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe iwájú ilé onílé!"

"Òfin ò mọ òkè, kò mọ ilẹ̀, Ìyá. Iyanrìn ọkọ̀ tipa kan ti wọ́n ju wúrà lọ báyìí. Ẹ jẹ́ kí n ṣiṣẹ́ mi."

Ó bù ú láti òkè dé gọ́tà. Kò fi ti ẹni tí kò tètè jí sílẹ̀. Ó bu ti abẹ́ àkàsọ̀ wa pàápàá, tó fi jẹ́ pé nígbà tó lọ tán, bí a bá fẹsẹ̀ lé àkàsọ̀ náà, ńṣe ló ń mì bí eyín ọmọdé tó fẹ́ yọ. Ọ̀gá mi bú u dé ilé àna rẹ̀. Ó ní kí wọ́n lọ bá Lọ́yà.

Ọ̀gá mi lọ bá alága àdúgbò. Alága ní òótọ́ ni pé ìwà náà kò dára, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà jẹ́ ti ìjọba. Bí a bá pariwo jù, ìjọba lè gbọ́ pé iyanrìn wà níbẹ̀, kí wọ́n wá gbé ẹni tí yóò máa gba owó orí rẹ̀ síbẹ̀. Ọ̀gá mi rò ó wò, wọ́n ní kí alága gbàgbé pé àwọn wá.

Ìyá Oníyanrìn kò pariwo mọ́. Wọ́n wọlé, wọ́n jókòó, wọ́n fi ìgbálẹ̀ lé itan. Wọ́n ní, "Bí iyanrìn bá bọ́ lọ́wọ́ mi, ilé ọmọ mi ní Òjòó ló kù. Ọmọ mi ti ní kí n wá máa bá òun gbé." Ọ̀gá mi ní ìyẹn kò ṣáà burú. Ìyá ní, "Ẹ ò mọ ọkọ ọmọ mi. Ó máa ń yọjú wo ẹran nínú ìkòkò kó tó kúrò nílé, ó sì máa ń yọjú wò ó nígbà tó bá dé. Èmi tí mo ń ra ẹran ara mi láti ọdún tí ọkọ mi ti kú." Wọ́n rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń fi ìka fa ìgbálẹ̀ náà já ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọn kò bá ẹnikẹ́ni jà títí ilẹ̀ fi ṣú. Èyí ló bà mí nínú jẹ́ jù. Bí Ìyá Oníyanrìn bá lọ sí Òjòó, ta ni yóò máa sọ gbogbo ohun tí èmi kò lè sọ?

Ọ̀sẹ̀ náà kò tíì parí tí Lọ́yà fi padà wá kí n tún iwájú irun rẹ̀ ṣe. Ọjọ́ kejì ni àríyànjiyàn wọn. Kò tíì jókòó dáadáa tí Ìyá fi bi í pé, "Ìwọ lo gbé iyanrìn mi fún oníbúlọ́ọ̀kù?"

Lọ́yà kọ́kọ́ rò pé eré ni. Ọ̀gá mi ròyìn fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó tún rẹ́rìn-ín, nígbà tó rí àkàsọ̀ tó ń mì, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Bó ṣe rí oníbúlọ́ọ̀kù tó ń kọjá lọ, ó jáde tòun ti irun tí mo tú sílẹ̀ ní apá kan, tó dúró gangan bí etí ehoro.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, n ò dá ẹjọ́ kankan o! Àríyànjiyàn lásán ni. Wọ́n pín mi sí apá yẹn ni."

"Lọ́yà mi!" Ó na ọwọ́ kí i. "Ní ọ̀la, bí ẹ bá sọ ọ́ tán, ṣé wọn ò ní pàtẹ́wọ́?"

"Bóyá wọn á pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n..."

"Àwọn olùkọ́ yín á wà níbẹ̀?"

"Wọ́n á wà níbẹ̀."

"Ọ̀rọ̀ tí àwọn olùkọ́ yunifásítì pàtẹ́wọ́ fún, irọ́ ni?"

Lọ́yà fi ọwọ́ tẹ irun tó dúró náà mọ́lẹ̀. Ó ní, "Ó kéré tán, ẹ fi èyí tí wọ́n bá ti fi ààlè lé sílẹ̀ fún wọn."

"Sílípáàsì? Kí ni sílípáàsì lè fi mí ṣe? Ẹsẹ̀ ló ń wọ̀ ọ́." Ó wo ojú ọ̀run tó ti ń ṣú bọ̀ láti apá Ẹlẹ́yẹlé. "Òjò alẹ́ òní á pọ̀. Kí ẹ tó jí ní ọ̀la, mo ti débí."

Lọ́yà wọlé, ó jókòó, mo mú irun rẹ̀. Ó ń dá sọ̀rọ̀ pé níbi tí kò sí ọlọ́pàá, òfin dà bí ìkìlọ̀ ìyá fún ọmọ tó ti jáde nílé. Ó ní ohun tó ń dààmú àwọn tó ń ronú nípa òṣùpá náà nìyẹn: bí ẹnì kan bá bù ú jù, ta ni yóò lọ mú un lọ́hùn-ún? Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ fún ọ̀la, ẹja, àwọ̀n, ohun tí kò sí ẹni tó ni ín. Mo fa irun.

"Yéè! Ìwọ! Mo ti kíyè sí ọ. Ibi kan náà yìí lo máa ń fà á. Sọ ọ́ lẹ́nu lónìí, mo bẹ̀ ọ́."

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Ooru mú mi láti ọrùn dé etí. Mo fi ẹnu sí ẹ̀yìn etí rẹ̀, mo sọ ìbéèrè mi wúyẹ́wúyẹ́: àwa tí a kò tíì ní ọkọ̀, kí ni a óò bá níbẹ̀?

Lọ́yà mí kanlẹ̀. "Ìbéèrè yẹn gan-an ni mo ti ń gbàdúrà láti ìjẹta kí wọ́n má bi mí."

"Màá bá ọ fi kún àdúrà náà," ni Ìyá Oníyanrìn wí, "bí ìwọ náà bá lè gbàdúrà kí oníbúlọ́ọ̀kù sùn gbàgbé." A ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ tí wọ́n tún ṣàwàdà nìyẹn, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń lọ, wọ́n gbé ìgbálẹ̀ wọn fún ọ̀gá mi pé kí ọ̀gá mi máa lò ó.

Kí n sọ ọ́ níbí kí n má baà gbàgbé: Lọ́yà borí. Ó ní ẹni tó yẹ kó bi òun ní ìbéèrè náà ń ronú nípa nǹkan mìíràn. Ó ní wọ́n pàtẹ́wọ́ fún òun gan-an, àmọ́ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́, iwájú orí òun ń ro òun.

Òjò rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí mo tún irun Lọ́yà ṣe, bí oníbúlọ́ọ̀kù ṣe wí. Mo dùbúlẹ̀, mo ń gbọ́ bí àgbàrá ṣe ń gbé iyanrìn wá sí iwájú wa, mo sì ń rántí bí ọkùnrin náà ṣe gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè.

Nígbà tí ládàánì ń pe ìrun àárọ̀, òjò ti dá. Mo mú ìgbálẹ̀ Ìyá, mo jáde. Mo kọ́kọ́ fi ọwọ́ ki iyanrìn padà sábẹ́ àkàsọ̀ wa. Lẹ́yìn náà, mo gbá ìyókù jọ ní òkìtì-òkìtì gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é. Mo padà wọlé, mo ṣí àpò tí a ń kó àtaṣímẹ́ńtì àlòkù sí. Kì í ṣe irun ènìyàn o, irun oníke lásán ni, láti ilé iṣẹ́. Mo dì í ní ìdì kéékèèké, mo fi òwú pupa so ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àárín. Mo tún rí òòyà kan tí eyín rẹ̀ ti ká tán, ìyẹn ni mo rì mọ́ inú òkìtì tó tóbi jù, mo sì gbé irun dúdú kan tó gùn lé e lórí, mo jẹ́ kí ìrù rẹ̀ wọ́ sílẹ̀ díẹ̀. Ó bà mí lẹ́rù, èmi tí mo ṣe é.

Ti ìsàlẹ̀ lẹ́bàá gọ́tà, n kò fi nǹkan kan lé e. Oníbúlọ́ọ̀kù náà ní ọmọ tó ń jẹun.

Mo wọlé, mo dúró sẹ́yìn kọ́tìnnì. Kò pẹ́ tí mo gbọ́ bárò. Bárò náà ń bọ̀ pẹ̀lú ariwo, ó dédé dákẹ́. Ọkùnrin náà wo òkìtì àkọ́kọ́. Ó wo ìkejì. Ó dé ọ̀dọ̀ èyí tó ní òòyà, ó ṣí fìlà, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o." N kò mọ ẹni tó kí. Ó wo òkè ọ̀nà, ó wo ìsàlẹ̀, ó fa bárò rẹ̀ sẹ́yìn láì kọ ẹ̀yìn sí irun náà, ó lọ bu ti ẹ̀bá gọ́tà, ó na ọwọ́ tó mú ṣọ́bìrì jìnnà sí ara rẹ̀. Ó dúpẹ́, n kò mọ ẹni tó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì lọ.

Nígbà tí Ìyá Oníyanrìn dé, mo ti wà níta, mò ń gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Wọ́n dúró, wọ́n fọwọ́ bo ẹnu. Wọ́n wo irun, wọ́n wo òwú pupa, wọ́n wo èmi pẹ̀lú ìgbálẹ̀ wọn lọ́wọ́ mi.

"Ojú ń tì ọ́, ojú ń tì ọ́," ni wọ́n wí, "ìwọ ọmọ yìí!"

"Ẹ káàárọ̀, mà," ni mo wí.

Wọ́n gba ìgbálẹ̀ wọn. Wọ́n lọ mú sílípáàsì wọn wá, wọ́n fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ti irun náà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ó lè hàn pé àwọn ló ni ín.

Ìdì irun kan ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́. Mo fẹ́ dà á padà sápò, ni mo bá gbójú sókè. Òṣùpá ṣì wà lókè òrùlé, ó funfun, ó ti ń ṣá, bí aṣọ tí wọ́n gbàgbé sórí okùn. Mo wò yíká. Kò sí ẹni tó ń wò mí. Mo gun àpótí ìjókòó ọ̀gá mi, mo so ìdì irun náà mọ́ orí òpó tí a ń sá aṣọ sí, ní ibi tó ga jù tí ọwọ́ mi lè dé, mo kọjú òwú pupa rẹ̀ sí òṣùpá. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo gbé àpótí náà padà sáyè rẹ̀, mo sì lọ gbé omi kaná.